Ọkọ̀ Bùọ̀dá Kúnlé Kò Tíì Gúnlẹ̀

Uncle Akíntóyè ló pa irọ́ náà, èmi ló ń fún irọ́ ọ̀hún lóúnjẹ.

Ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi, Ọlákúnlé, ń múra àtilọ wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ní Los Angeles ni wọ́n ṣubú lulẹ̀ níbi iṣẹ́ wọn ní Douglasville. Wọn ò dìde mọ́. Bẹ́ẹ̀, Mọ́mì ti ròyìn fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé àkọ́bí àwọn ń lọ jayé létí òkun Pàsífíìkì. Uncle, tí wọ́n jẹ́ àbúrò Mọ́mì, kó àwa mọ̀lẹ́bí yòókù jọ sínú mọ́tò wọn níwájú ilé wa ní Austell.

"A kì í sọ fún òbí pé ọmọ ẹ̀ kú," ni wọ́n wí. "Ká má tíì sọ ti heart tó ń yọ Àǹtí lẹ́nu. Kúnlé ti lọ cruise. Finish."

Báyìí la ṣe sin Bùọ̀dá mi ní òwúrọ̀ tí Mọ́mì rò pé wọ́n wà nínú bàálù. Aṣọ iṣẹ́ ni mo fi bo aṣọ dúdú mọ́lẹ̀ kí n tó jáde nílé.

Láti ìgbà náà, èmi Ṣìkẹ́mi di ọ̀gá ọkọ̀. Mo ń wá àwòrán lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo ń fi han Mọ́mì: Cabo San Lucas, Mazatlán, Puerto Vallarta, oòrùn yòò níbi gbogbo. Nígbà tó yẹ kí ọkọ̀ padà, mo ní Bùọ̀dá ti wọ òmíràn lọ sí San Diego, pé network ò dáa lórí omi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tèmi wọ ọkọ̀ ojú omi, òtítọ́ ò sì mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Àfi bí dókítà ṣe sọ pé iṣẹ́ abẹ ọkàn Mọ́mì kò lè dúró mọ́, pé bí wọn ò bá tètè ṣe é, ẹ̀pa ò ní bóró mọ́. Mọ́mì mirí.

"Ọ̀bẹ kankan ò ní kàn mí lára tí Kúnlé ò bá tíì dé. Àkọ́bí mi ló máa gbàdúrà lé mi lórí."

Mo pe Uncle. "Ẹ jẹ́ ká sọ fún wọn, sir."

"Ṣé o fẹ́ pa ìyá ẹ ni?"

"Wọ́n ti ń kú lọ báyìí náà, sir."

"Sọ fún wọn pé ó ń bọ̀."

"Níbo ni kí n ti mú Bùọ̀dá wá?" Uncle ti gbé fóònù sílẹ̀. Inú bí mi.

Mo wọlé tọ Mọ́mì lọ. Wọ́n fara ti ìrọ̀rí, ẹsẹ̀ wọn ti wú.

"Mọ́mì, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ."

"Fi ibi tó wà lónìí hàn mí ná."

Mo na fóònù sí wọn. Wọ́n wo àwòrán náà títí, wọ́n rẹ́rìn-ín, èémí wọn ń já.

"Wo oòrùn! Kúnlé ò fẹ́ràn òtútù láti kékeré. Látìgbà tí bàbá yín ti kú, ọmọ yẹn ò sinmi rí." Wọ́n yíjú sí mi. "Kí lo fẹ́ sọ?"

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ṣì wà lójú ìyá mi.

"Bùọ̀dá ní kí n kí yín, ma. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀."

"Sọ fún un kó má kánjú. Mo máa dúró dè é."

Ilé ìwòsàn pè lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo ní Mọ́mì ò tíì ṣe tán. Wọ́n ní àwọn á fi àyè iṣẹ́ abẹ Mọ́mì fún ẹlòmíràn. Mo jókòó sí kíṣìnì, mo sunkún, mo fi etí aṣọ nu ojú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìlú mìíràn. Mo rí Ensenada. Mi ò tíì lo ìyẹn.