Kẹ̀kẹ́ Àwọn Ìyá

“Ẹ wò ó, ẹ̀yìn mà ni àwọn ìyá ń yí sí!”

Ẹnì kan láàárín àwọn akọrin ló pariwo bẹ́ẹ̀, ni ẹ̀rín bá gba gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ọmọlabí nìkan ni ò rín. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó ń wo aṣọ funfun tí wọ́n ta sára ògiri, níbi tí ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sógiri ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ han àwọn èèyàn fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ló kọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Bíríkì ìṣeré ló fi kọ́ ọ, irú èyí tí àwọn ọmọ òyìnbó máa ń tò jọ tó máa ń wọnú ara wọn. Ìdìmú kan tí wọ́n fi ń yí i wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìdìmú náà bá yí, á yí kẹ̀kẹ́ eléyín mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn: àkọ́kọ́ á ti ìkejì, ìkejì á ti ìkẹta, ìkẹta á wá ṣí ilẹ̀kùn. Búrọ̀dá Gbémiga, olórí àwọn tó ń bójú tó gbohùngbohùn àti fídíò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló ní kó kọ orúkọ sára kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Akọrin. Ìyá. Ọ̀dọ́. Ọ̀la ni àjọ̀dún àwọn ọ̀dọ́, ìṣọ̀kan sì ni wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àṣé nígbà tí wọ́n ń pín orúkọ, kò sẹ́ni tó rántí pé kẹ̀kẹ́ eléyín méjì tó bá fara kan ara wọn kì í yí sí ibì kan náà. Akọrin yí sọ́tùn-ún, Ọ̀dọ́ yí sọ́tùn-ún, Ìyá tó wà láàárín wọn sì yí sósì.

“Ọmọlabí, ṣé o fẹ́ kó mi sí wàhálà ni?” Búrọ̀dá Gbémiga ò rẹ́rìn-ín mọ́. “Ṣé iwájú pásítọ̀ la máa gbé èyí sí lọ́la? Ká fi àwọn ìyá hàn bí apẹ̀yìndà? Jọ̀ọ́, jẹ́ kí gbogbo wọn yí sọ́tùn-ún.”

“Wọn ò lè ṣe é, sà. Eyín wọn máa há síra wọn.”

“Ṣebí inú kọ̀ǹpútà ni? Kí ni ò ṣeé ṣe níbẹ̀?”

Òótọ́ ló sọ, ohun tó sì dun Ọmọlabí nìyẹn. Nínú kọ̀ǹpútà, kẹ̀kẹ́ kì í ti kẹ̀kẹ́. Òun ló ń sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bó ṣe máa yí, díẹ̀díẹ̀, àwòrán lórí àwòrán. Tó bá ní kí gbogbo wọn yí sọ́tùn-ún, wọ́n á yí, eyín á la eyín kọjá bí iwin, ilẹ̀kùn á sì ṣí wẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àfi òun.

Kò fọwọ́ kan irú bíríkì yẹn rí láyé rẹ̀. Káfé kan ní Ìbafo ló ti gba ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tò wọ́n, ó kó o sínú fláàṣì, ó gbé e wá sínú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó wà nílé. Nígbà tó fẹ́ mọ bí eyín ṣe ń ti eyín, ó ṣa ìdérí mínírà nílẹ̀ níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń tajà létí òpópónà márosẹ̀, ó fi ìṣó kan mẹ́ta nínú wọn mọ́ pákó kí eyín wọn lè wọnú ara wọn, ó sì ń yí i títí ìka fi ń ro ó. Pákó náà ti sọ nù tipẹ́. Ó gbà pé ìyá òun ti fi dáná.

Gbogbo ará ilé ló mọ̀ ọ́n sí ọmọ tó jáde ìwé mẹ́wàá tán tó ń ṣeré ìdérí. Bí wọ́n bá ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ohùn tí wọ́n fi ń béèrè aláìsàn ni wọ́n máa ń lò. Ọ̀la ló fẹ́ pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá, fi àga tó ń nù sílẹ̀, ó sì wá bá a níwájú.

“Ọmọ mi, ṣe ohun tí wọ́n ní kó o ṣe,” ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Mo ti sọ fún gbogbo ilé pé kí wọ́n wá wò ó.”

Inú bí Ọmọlabí débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀. Kò jẹ́ kó bọ́.

“Ó dáa,” ó wí. “Ẹ fún mi láyè díẹ̀.”

Ó fà mọ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn akọrin ń fi orin dánra wò, jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ògiri, àwọn tírélà ń kọjá lọ lójú márosẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó pè wọ́n.

Lára aṣọ funfun náà, kẹ̀kẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbéra sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Eyín kan eyín. Ìdìmú fẹ́ yí, ó há, ó tún fẹ́ yí. Ilẹ̀kùn gbọ̀n pẹ́pẹ́, kò ṣí.

“Kí ló ṣe é?” Búrọ̀dá Gbémiga béèrè.

“Ohun tí ẹ ní kí n ṣe ni mo ṣe, sà. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn.”

“Mú kó ṣí.”

“Mi ò ní mú kó ṣí. Irọ́ ni.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kó ẹrù ẹ. A ò nílò ẹ̀ lọ́la.”

Ọmọlabí bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà. Ó ti ń ro ojú tí wọ́n máa fi wò ó nínú ilé. Ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń retí kó tún bẹ òun.

“Búrọ̀dá Gbémiga, ẹ jẹ́ kí tiwa yí sósì.”

“Mọ́mì, wọ́n á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ o.”

“Kí wọ́n fi wá ṣe é. Pákó onídérí mẹ́ta kan wà lábẹ́ tábìlì mi níbi tí mo ti ń tajà. Tí ọjà ò bá yá, mo máa ń yí i. Mo ti gbìyànjú títí kí gbogbo wọn yí síbì kan náà, wọn ò gbà.” Ó na ọwọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó tì pa lára ògiri. “Ilẹ̀kùn la ṣáà fẹ́ kó ṣí.”

Àwọn ìyá tó kù tó ń nu àga ti ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Búrọ̀dá Gbémiga wo ògiri, ó wo àwọn ìyá.

Ọmọlabí yíjú wo ìyá rẹ̀. Ẹni tó ń wò yìí náà ló máa ń jókòó ti pákó yẹn létí márosẹ̀, tó ń yí i lóun nìkan, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò dúró de ìdáhùn ẹnì kankan. Ó tẹrí ba, ó ki wáyà padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó sì ṣí ti àkọ́kọ́, èyí tí Ìyá ti ń yí sósì.