Ìkíni Tó Yẹ Ilé Wa

Bí màmá mi bá pè mí lórí fóònù, kò tíì ní bi mí bóyá mo ti jẹun tí yóò fi ní, "Ṣé wọ́n ti kọ́ yín débẹ̀?"

"Débo, Màámi?"

"Ibi tí àbúrò rẹ wà."

Ọ̀gá ilé-ìwé wa ló fa gbogbo ẹ̀. Ó ní olùkọ́ tó bá fẹ́ máa kọ́ àwọn kíláàsì àgbà gbọ́dọ̀ lọ gba ẹ̀kọ́ ní yunifásítì tó wà nílùú mìíràn lásìkò ìsinmi gígùn, ẹ̀kọ́ nípa ọ̀rọ̀ àgbáyé àti àṣà oríṣiríṣi èèyàn. Mo wá sọ fún màmá mi pé ọ̀rọ̀ àgbáyé ni mò ń lọ kọ́. Ó rò ó wò: inú ayé ni àbúrò mi wà, ayé ni wọ́n fẹ́ kọ́ mi, wọ́n á kàn án lọ́jọ́ kan. Ẹ gbọ́ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀! Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kọ̀.

Fíríìjì ni àbúrò mi ń tún ṣe. Ó mọṣẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ó gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ, ó dé etí òkun, ó pè wá níbẹ̀ pé òun máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ kejì, ká má fòyà, ọkọ̀ náà tóbi. Láti ìgbà náà, obìnrin inú fóònù ló ń dá wa lóhùn pé nọ́ńbà náà ò lọ. Oyún wà nínú ìyàwó aládùúgbò wa nígbà yẹn. Ọmọ náà ti ń sáré kiri àgbàlá báyìí, ó sì ti ń bú èèyàn.

N ò sunkún. Kì í ṣe pé n ò láàánú o. Ó kàn dà bí ìgbà tí èèyàn bá sùn lé apá ara rẹ̀: ó ń rí i pé apá òun ni, kò sì mọ̀ ọ́n lára. Èmi àti màmá mi nìkan ló kù nínú ilé, kò sì sí ẹni tó jẹ́ sọ ọ́ nínú wa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ la ẹnu sọ ọ́ ló máa dà bí ẹni tó pa á. Ìbẹ̀rù mi nìyẹn, kì í ṣe ìdánwò, kì í ṣe ọ̀gá ilé-ìwé: pé lọ́jọ́ kan màmá mi á bi mí, n ò sì ní rí irọ́ kankan pa fún un mọ́.

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa wà lókè pátápátá. Fáànù méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ń yí, èkejì ń wò ó. Olùkọ́ wa ò lè sọ gbólóhùn kan kó má pe "àgbáyé" níbẹ̀, la bá sọ ọ́ ní Àgbáyé. Tí kò bá wá jẹ́ ká lọ jẹun lásìkò, Àgbàyà là ń pè é. Èdè abínibí wa níbẹ̀ yàtọ̀ síra. Nọ́ọ̀sì kan ló máa ń jókòó tì mí. Baba Báńkì wà níwájú, òṣìṣẹ́ báńkì tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé sì ti sú. Àwọn tó kù, olùkọ́ bíi tèmi ni wọ́n, àwọn tí ọ̀gá wọn lé wá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ wa nípa àwọn tó ń ṣí kúrò nílùú wọn, Àgbáyé ya òkun sára pátákó, ó wá ń fa ọfà kọjá lórí ẹ̀. Ó sọ iye àwọn tí omi ń gbé lọ. Baba Báńkì ní ìjọba ló jẹ̀bi. Ẹlòmíì ní ojúkòkòrò ni. Ariwo ta, nọ́ọ̀sì ń nu ojú. Èmi ya òkun sínú ìwé tèmi, mo fi rúlà fa ọfà mi tónítóní. Mo rí i pé ọ̀kan nínú ọfà Àgbáyé ò dé òdìkejì, ó lè jẹ́ pé ńṣe ni máákà ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Mo fa tèmi dé ibi tó fà á dé.

"Ṣé wọ́n ti kọ́ yín débẹ̀?" ni màmá mi bi mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

"Wọn ò tíì débẹ̀, mà."

"Wọ́n mà ń falẹ̀ o! Ṣé olùkọ́ yín tiẹ̀ mọṣẹ́?"

Nígbà tó yá, Àgbáyé ní kí kálukú mú ọ̀rọ̀ kan wá látinú èdè rẹ̀, èyí tó ṣòro túmọ̀. Mo mú "ẹ kú" lọ, torí n ò fẹ́ wàhálà. Mo ní lọ́dọ̀ tiwa, kò sí ohun tí èèyàn ń ṣe tí a kì í kí i fún. Ó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ó dìde, ẹ kú ìdúró. Òjò pa á, ẹ kú òjò. Kí n tó mí, Baba Báńkì ti wo fóònù rẹ̀.

"Wọ́n ní kí èèyàn gbẹ́mìí mì ni 'kú' túmọ̀ sí! Ẹ̀yin wá ń fi ikú kí ara yín láti àárọ̀ dalẹ́?"

Mo ní, "Baba, ẹ kú ìwádìí."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà wá dùn mọ́ wọn, ni wọ́n bá ń da ìbéèrè bò mí. Ẹni tí ooru ń mú ńkọ́? Ẹni tó ra aṣọ tuntun ńkọ́? Mò ń dá wọn lóhùn ṣáá. Mo ní ẹni tó ń retí èèyàn rẹ̀, ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ ti lọ, ẹ kú àráfẹ́rakù.

Nọ́ọ̀sì nawọ́ sókè. Kò mọ nǹkan kan nípa mi o, ìbéèrè lásán ni. "Ẹni tí kò mọ̀ bóyá èèyàn òun ń bọ̀ tàbí kò ní dé mọ́, báwo lẹ ṣe ń kí i?"

Àwọn ará àdúgbò wa ni mo rántí. Nígbà tí àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, ẹ kú ojú lọ́nà wọn ò jẹ́ ká gbádùn. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó di ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́. Ní báyìí, tí ìyá aláṣọ bá rí màmá mi lókèèrè, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan tí kò sọ nù nínú báàgì rẹ̀. Inú wọn ti máa ń bí mi! Ta ni nínú wọn tí àbúrò mi ò bá tún fíríìjì ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ rí? Mo ti pè wọ́n ní abara-móore-jẹ nínú ọkàn mi. Àṣé wọn ò mọ èwo ni kí wọ́n kí wa ni.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ béèrè lọ́wọ́ àgbà," ni mo sọ fún nọ́ọ̀sì.

Lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí wọ́n to àwọn àga tó ti bàjẹ́ sí, mo pe màmá mi. N ò jẹ́ kó ráyè béèrè tirẹ̀. Mo ní, "Màámi, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan ní kíláàsì, n ò mọ̀ ọ́n." Mo là á sílẹ̀ fún un. N ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Mo gbọ́ tó gbé abọ́ kan kalẹ̀.

"Ẹ kú àráfẹ́rakù ni," ló ní.

"Ti ẹni tó kú nìyẹn, mà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Ìwọ tó o pera ẹ ní tíṣà! Tú u wò. Ará fẹ́ra kù. Ṣé wọ́n dárúkọ ikú níbẹ̀ ni? Wọ́n ní ará wá ara wọn, wọn ò rí ara wọn. Mo fẹ́ ọmọ mi kù. Ṣé ìwọ ò fẹ́ àbúrò rẹ kù ni?"

"Mo fẹ́ ẹ kù, mà."

"Ẹn-ẹ́n. Láti ọjọ́ tó o ti débẹ̀ ni mo ti ń bi ẹ́. Àbí o rò pé orí mi ti dàrú ni? Olùkọ́ wo ló fẹ́ mọ ibi tí ọmọ mi wà? Mo kàn ní, tí wọ́n bá sọ ọ́ níbẹ̀, tó o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, wàá lè wá bá mi sọ ọ́. Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Mi ò lè dá gbé e mọ́."

Omijé ò wá síbẹ̀. Mo jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga yẹn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà mí sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣẹ́wọ́ sí mi pé Àgbáyé ti wọlé. Mo mi orí fún un, ó sì padà.

"Màámi," mo ní, "ẹ kú àráfẹ́rakù."

"Ta lò ń kí báyẹn? Ṣé ará ilé kejì ni ẹ́ ni, tó o wá bá mi kẹ́dùn, tó o fẹ́ máa lọ? Tèmi nìkan ni? 'Ẹ kú' kọ́. 'A kú' ni."

"A kú," mo ní.

"Parí ẹ̀," ni màmá mi wí. "Mò ń gbọ́."