Ẹ̀rọ Tí Mo Ní Mo Ti Pa

Èmi tí mò ń kọ èyí, mo ti fi ìtànṣán ẹ̀rọ tó ń gbé ìpè fóònù káàkiri yan màlúù méjì lọ́jọ́ kan, mo dúró láàárín wọn, irun kan ò jóná lórí mi. Irú mi kọ́ ló ń sá fún ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn, nígbà tí ọ̀gá wa obìnrin pariwo látìsàlẹ̀ pé, "Ṣé o ti pa á?" tí fíìmù tí mò ń wò sì ti dé ibi tó dùn, tí mo fi dáhùn pé, "Ó ti kú fin-ín-fin-ín, mà!"

Orí òrùlé ilé alájà mẹ́fà la wà. Ẹ̀gbọ́n mi, pẹ́ńtà, ló fẹ́ kun ògiri tí wọ́n gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kan kọ́. Ẹ̀rọ ọ̀hún ò dún, kò tàn, àmọ́ bí èèyàn bá dúró síwájú rẹ̀ gan-an, ooru rẹ̀ á máa wọ inú ẹran ara, ojú ló sì tètè máa ń bà jẹ́. Ọ̀gá ti fi ẹ̀rọ ìwọ̀n wọ̀n ọ́n, ó fa ìlà pupa sílẹ̀: bí ẹ̀rọ ò bá kú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀.

Mo gbójú sókè. Ẹ̀gbọ́n ti kọjá ìlà. Imú rẹ̀ ò jìnnà sí ẹ̀rọ náà ju ìka mẹ́ta lọ.

"Oòrùn òní mà mú o, àbúrò," ló wí, ó ń nujú. "Ojú ń ta mí."

Kò sóòrùn kankan. Òjò ti ṣú bolẹ̀.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni yàrá tí wọ́n ti ń pa á wà, ọwọ́ mi sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Bí mo bá sì jẹ́wọ́, iṣẹ́ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, oyin! Ẹ sá o!"

Kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Lánàá, ejò ló wà nínú agolo ọ̀dà. Níjẹta, o ní ìyàwó mi bí ìbẹta, èmi tí mi ò tíì gbéyàwó!"

"Ẹ ṣáà kúrò níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ṣebí o ní o ti pa á?"

Òógùn tó bọ́ lára mi kún garawa méjì. "Mi ò pa á!"

"Kí lo wá pa?"

"Irọ́! Irọ́ ni mo pa, Ẹ̀gbọ́n!"

Agolo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fò sẹ́yìn, ó yí gbirigbiri kọjá ìlà. Ìgbà yẹn ni mo rí Ọ̀gá lẹ́nu àtẹ̀gùn, ẹ̀rọ ìwọ̀n ń ké lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọmọ ewúrẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́.

"Ìṣẹ́jú mélòó lẹ ti wà níbẹ̀?" ló bi Ẹ̀gbọ́n.

"Á tó mẹ́wàá, mà."

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà ojú." Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ, mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Ẹ̀gbọ́n ti ń fa igi búrọ́ọ̀ṣì gígùn nílẹ̀, ó fẹ́ fi nà mí. Mo ju kọ́kọ́rọ́ sí Ọ̀gá, mo gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá. Àjà mẹ́fà, ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Mi ò tíì dúró.