Sítẹ́ríò Wa àti Àwo Ìyá Onílé

Ní ọdún 1975, nígbà tí owó Údójì jáde, ìró sítẹ́ríò tuntun gba gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó kan. Ìjọba fi kún owó oṣù àwa òṣìṣẹ́, wọ́n sì san èyí tó yẹ kí wọ́n ti san látẹ̀yìnwá mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan fi tiwọn ra alùpùpù. Àwọn kan fi gbé ìyàwó kejì. Èmi àti Fọlákẹ́, ìyàwó mi, sọ ọ́ títí, a sì fi ẹnu kò sí i pé lẹ́yìn tí a bá ti fi díẹ̀ ránṣẹ́ sílé ní Ìjẹ̀bú, a ó ra sítẹ́ríò tí kò ní ju igba náírà lọ.

Ilé ìtẹ̀wé ìjọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá kan la ń gbé ní Ẹnu Ọwá, èmi, Fọlákẹ́ àti Abọ́sẹ̀dé ọmọ wa. Ibùsùn wà níbẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ Fọlákẹ́ sì wà lójú fèrèsé nítorí ìmọ́lẹ̀. Orí kọ́bọ́ọ̀dù nìkan ni àyè kù. Mo fi tépù tí Fọlákẹ́ fi ń wọn aṣọ wọn ibẹ̀.

"Bàbá Abọ́sẹ̀dé, mo mọ̀ yín," ó ní. "Tẹ́ ẹ bá dé Ìdúmọ̀tà, sípíkà tó ga tó ènìyàn lojú yín máa lọ. Tẹ́ ẹ bá wá gbé e wọlé, ẹ sọ ẹni tó máa jáde fún un nínú èmi àti ọmọ."

"Kò sẹ́ni tó máa jáde."

"Àfi kí ẹ̀yin lọ sùn síta nìyẹn."

"Mo ti sun ìta rí," mo ní. "N ò sùn ún mọ́."

Àwọn ará ilé tó ti ra tiwọn ṣáájú wa kìlọ̀ fún wa pé kò sẹ́ni tó ń lọ ra sítẹ́ríò ní Ìdúmọ̀tà láìmú àwo tirẹ̀ dání. Àwo tí ọlọ́jà fi ń pe oníbàárà, òun fúnra rẹ̀ ló yàn án. Ẹ̀rọ tó ti fẹ́ kú pàápàá máa kọrin lábẹ́ rẹ̀. Àwo tí o ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni kí o gbé lọ, kí o lè mọ ohun tí ẹ̀rọ náà fi pa mọ́ fún ọ. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń fi aṣọ rírọ̀ nu àwo híláìfù kan tí mo fẹ́ràn. Ìyá Onílé kọjá, ó dúró wò mí.

"Ìjẹ̀bú, kí lò ń fi àwo orin ṣe, ìwọ tí o ò ní ohun tí o fi máa gbọ́ ọ?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Hàwáwù lorúkọ Ìyá Onílé. Opó ni. Ṣàíbù, ọkọ rẹ̀, máa ń já ẹrù nínú ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Èrò. Tí kò bá sí níbẹ̀, a jẹ́ pé ó wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ sákárà tó ń bá gbe orin. Mo gbọ́ pé kò tètè dé ibì kan rí, nítorí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi kò lè sọ ìgbà tí yóò dé. Kó tó kú, ẹgbẹ́ wọn ṣe àwo kan ṣoṣo. Kì í ṣe òun ló lé orin náà o, ọ̀kan lára àwọn ẹlẹ́gbè ni. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ẹ̀rọ gírámafóònù tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí bàjẹ́, Ìyá sì gbé àwo náà pamọ́ sáàárín àwọn ìró rẹ̀ nínú àpótí. Ní gbogbo ọdún tí a fi bá a gbé, a kì í gbọ́ ju pé ó wà níbẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò lè gbàgbé lára ìyá yìí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Èkó, tí mo bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, Òkè Àrín ni mo ń gbé. Onílé ibẹ̀ a máa ti ìlẹ̀kùn ní aago mẹ́sàn-án, kì í sì í ṣí i fún ẹnikẹ́ni. Iwájú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan ni mo máa ń sùn tí ilẹ̀ fi ń mọ́. Omi òrùlé ibẹ̀ máa ń kán sí mi ní èjìká òsì, àwọn ìwé mi ni mo sì máa ń dùbúlẹ̀ lé kí wọ́n má baà tutù. Nígbà tí mo wá yàrá dé Ẹnu Ọwá, mo sọ fún Ìyá Onílé tẹ̀rùtẹ̀rù pé ilé ẹ̀kọ́ máa ń dá mi dúró pẹ́. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo máa kọ́kọ́ pẹ́ wọ ilé yìí ni? Ìlẹ̀kùn mi ti mọ ẹni tó ń pẹ́." Kò fi ọjọ́ kan tì í mọ́ mi.

Ní àárọ̀ Sátidé, bí a ṣe ń jáde, a bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wọ aṣọ òde, ó fi ìborùn bo orí, ó sì gbá nǹkan pẹlẹbẹ kan tó fi gèlè wé mọ́ àyà.

"Wọ́n ní kí oníkálukú mú tirẹ̀ dání," ó ní. "Èmi náà ti mú tèmi."

Fọlákẹ́ ní kó jẹ́ kí òun bá a gbé e.

"Má fọwọ́ kàn án! Àwo ìgbà ìwáṣẹ̀ ni, bí àwo ìjẹun ló ṣe ń fọ́. Ẹ ṣáà máa lọ."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gba Ìdúmàgbò kọjá, Fọlákẹ́ níwájú, èmi lẹ́yìn, Ìyá láàárín wa, bí ìgbà tí wọ́n ń sin ìyàwó lọ sílé ọkọ. Ẹni tó bá fẹ́ sún mọ́ ọn, á na ìgúnpá sí i.

Bashiru ni ọlọ́jà tí wọ́n júwe fún wa ń jẹ́. Ó wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbòòrò tó ń wọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e káàkiri ṣọ́ọ̀bù. Ìyá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ọmọ yìí, ṣé ìwọ náà ni wọ́n gbà láti máa gbálẹ̀ ibí?"

"Mama, fáàrí ni o!" Bashiru rẹ́rìn-ín. "Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Bọ̀dá, ẹ wá wo ọ̀gá gbogbo wọn."

Ó tan ẹ̀rọ kan tí sípíkà rẹ̀ dé mi ní àyà. Orin náà mì mí nínú ikùn. Ojú mi lọ sí i lóòótọ́. Nígbà tó sọ iye tó ń tà á, Fọlákẹ́ wo ojú mi, èmi wo ilẹ̀.

"Ẹ fi eléyìí sílẹ̀ fún àwọn oníhòtẹ́ẹ̀lì," Fọlákẹ́ ní. "Èwo ló wà fún ènìyàn?"

Méjì tó kéré ló kù tí owó wa ká. Wọ́n jọra lójú: rédíò wà lára wọn, ibi tí àwo ti ń yí wà lórí wọn lábẹ́ ìdérí tó mọ́ gaara, ibi kásẹ́ẹ̀tì wà níwájú, wọ́n sì ní sípíkà kéékèèké méjì méjì. Mo fi àwo mi sí àkọ́kọ́. Gìtá olóhùn ńlá wà nínú orin náà, ó máa ń rìn nísàlẹ̀ bí ẹni tó ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mi ò gbọ́ ọ rárá. Nígbà tí mo yí bọ́tìnnì ohùn sókè, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wárìrì. Mo gbé sípíkà rẹ̀ kan wò, ó fúyẹ́ bíi páálí bàtà. Mo fi àwo kan náà sí èkejì, gìtá náà sì jáde, ó ń rìn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo yí ohùn sókè, kò fọ́. Fọlákẹ́ gbé sípíkà rẹ̀ méjèèjì sí ìwọ̀n orí kọ́bọ́ọ̀dù wa, ó padà sẹ́yìn, ó tẹ́tí sílẹ̀, ó mi orí.

"Eléyìí ni," ó ní.

"Ó kù tèmi," ni Ìyá wí. Ó tú gèlè.

Bashiru gba àwo náà tọwọ́tẹsẹ̀. "Ha! Mama, ọjọ́ wo ni mo ti rí irú èyí! Ṣùgbọ́n kò ní í ṣe é ṣe lórí eléyìí o. Àwọn ẹ̀rọ tuntun kì í yí kíákíá tó bó ṣe fẹ́ mọ́."

"Ìwọ fi sí i ná."

Bashiru fi sí i. Ohùn kan jáde tó ń fà, tó wúwo, bíi ti màlúù tí oorun ń kùn.

"Ta nìyẹn?" Ìyá bèèrè.

"Àwo yín ni, Mama."

"Irọ́ ni! Àwọn èèyàn Ṣàíbù ò kọrin bí ọ̀mùtí rí. Ìmàle ni gbogbo wọn!"

Bashiru yára gbé abẹ́rẹ́ kúrò. Ó ní abẹ́rẹ́ náà tínrín jù, yóò ba àwo jẹ́, àwo náà yóò sì ba abẹ́rẹ́ jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ẹ̀rọ àtijọ́ kan jáde lábẹ́ tábìlì. Ìdérí rẹ̀ ti sán, kò ní rédíò, kò ní kásẹ́ẹ̀tì, sípíkà kan ṣoṣo ló sì ní. Ìwọ̀n eré mẹ́rin ló lè gbà yí, títí kan ti àwo àtijọ́, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì lójú méjì, ọ̀kan fún àwo òde òní, èkejì fún ti àwọn àgbà. Ó yí abẹ́rẹ́ padà, ó gbé e lé àwo. A gbọ́ gòjé, a gbọ́ ìlù sákárà, ẹni tó ń lé orin la ẹnu, ohùn rẹ̀ mọ́ kedere. Ìyá dìde dúró. Kí ègbè tó wọlé, NEPA mú iná lọ.

Ìyá padà jókòó, ó fi ọwọ́ lé itan.

"Wọn ò tíì gbè é," ó ní. "NEPA ò jẹ́ kí wọ́n gbè é."

Mo bi Bashiru bóyá irú ẹ̀rọ àtijọ́ náà wà ní tuntun. Ó ní nínú àwọn tí owó wa ká, rárá. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ èyí tó wà nílẹ̀ yìí, òun lè tà á fún mi, kí òun fi àwo híláìfù kan ṣe ènì. Mo wo sítẹ́ríò kékeré tó ti ń wù wá. Mo wo Ìyá. Ìlẹ̀kùn Òkè Àrín wá sí mi lọ́kàn, àti tirẹ̀. Mo la ẹnu láti sọ pé kó di ti àtijọ́ náà fún wa.

"Ẹ dúró ná," ni Fọlákẹ́ wí. Ó ń wo sítẹ́ríò kékeré. "Bọ̀dá Bashiru, ibi kásẹ́ẹ̀tì yìí, ṣé gbígbọ́ nìkan ló mọ̀, àbí ó ń gba ohùn sílẹ̀?"

Bashiru lu orí ara rẹ̀. "Àǹtí! Ó ń gbà á o. Máíkì ẹ̀ nìyí nínú páálí. I no think am at all!"

"Ó dáa. Kó gba ohùn àwo Ìyá látẹnu ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn. Tó bá gbà á dáadáa, a ó sanwó. Tí kò bá gbà á, ẹ gbé ti àtijọ́ fún wa."

A dúró de iná. Nígbà tó dé, Bashiru ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nítorí ariwo ọjà, ó ki kásẹ́ẹ̀tì tuntun bọ ẹ̀rọ, ó gbé máíkì sí iwájú sípíkà àtijọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ o. Mama, ẹ gbọ́? Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá sọ, inú ibí ló ń lọ."

"Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀?" Ìyá ní, ó sì fi etí ìborùn dí ẹnu.

Gòjé bẹ̀rẹ̀, ìlù bọ́ sí i. Ẹni tó ń lé orin lé e dé òpin. Ègbè wọlé, ohùn ọkùnrin bíi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn wọn, díẹ̀ báyìí, ohùn kan sáré wọlé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fò láti inú ọkọ̀ bọ́ sí èbúté, ó sì bá wọn.

"Ṣàíbù! O tún pẹ́!"

Ìyá ló pariwo bẹ́ẹ̀. Ìborùn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bashiru di orí mú. Fọlákẹ́ yí ojú sí ògiri, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Orin náà ń lọ títí ó fi parí.

"Mo ti bà á jẹ́," Ìyá wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ẹ foríjì mí. Mo ti bà á jẹ́ fún yín."

"Kò bàjẹ́, Mama, a máa tún un gbà," Bashiru ní. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ bó ṣe mú un ná."

Ó yí kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn. Orin náà jáde nínú sípíkà kéékèèké méjèèjì, ó mọ́, a sì ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ Ìdúmọ̀tà lábẹ́ rẹ̀ lọ́nà jíjìn. Ègbè wọlé. Ṣàíbù sáré bá wọn. Ìyá bá a wí. Ṣàíbù kò dúró, ó ń bá orin rẹ̀ lọ.

Ìyá tẹ orí síwájú, ó gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò rí i? Kò dá mi lóhùn. Bó ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn. Màá máa bá a wí, á máa kọrin lọ."

"Ṣé ká tún un gbà, Mama?"

"Ta ló ní kẹ́ ẹ tún un gbà? Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

A sanwó. Alábàárù gbé sítẹ́ríò náà lórí, Ìyá sì tún wé àwo rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jẹ́ kí Fọlákẹ́ bá òun gbé e.

Orí kọ́bọ́ọ̀dù gbà á wẹ́kú. Tí Fọlákẹ́ bá ń ránṣọ, rédíò ni ó máa ń tan. Èmi fẹ́ràn àwo mi àti gìtá rẹ̀ tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, kásẹ́ẹ̀tì Ìyá la máa ń fi sí i, a ó ṣí fèrèsé sí àgbàlá, kò sì sí ọmọ tàbí àgbà nínú ilé náà tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Wọ́n á dákẹ́ dè é, wọ́n á sì bá a wí i pọ̀. Ó ti wá di ohun tí wọ́n fi ń kí ẹnikẹ́ni tí kò bá tètè wọlé. Mo dé láti ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ kan, oúnjẹ ti tutù, Ìyá wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tó máa ń jókòó sí, Abọ́sẹ̀dé wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn méjèèjì wò mí.

"Ṣàíbù, o tún pẹ́!"

Mi ò dá wọn lóhùn. Mo ń kọrin wọlé lọ.