Ìyá Chola Wà ní Mongu

Ìyá Chola lọ sí ìlú Mongu ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, kò sì padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń ṣàìsàn níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ sìn ín dé ibùdókọ̀, wọ́n gbé àpò rẹ̀ sórí bọ́ọ̀sì, ẹ́ńjìnnì bú, obìnrin náà sì ké láti ojú fèrèsé pé, "Bàbá Chola, ẹ má gbàgbé láti máa bo ìkòkò omi o!" Ibẹ̀ ni eré parí sí lọ́sẹ̀ náà.

Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe Ìyá Chola lórí rédíò ní Kitwe, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ní agogo mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Orúkọ tèmi ni Astridah Kalunga, ṣùgbọ́n ní àdúgbò Chimwemwe tí mò ń gbé, àwọn tó mọ orúkọ yẹn kò pé mẹ́wàá.

Bí olùkọ̀wé eré rédíò bá fẹ́ fi ẹnì kan sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, kì í pa á. Ó máa ń rán an rìnrìn àjò ni. Ikú á ti ilẹ̀kùn pa, ṣùgbọ́n ẹni tó rìnrìn àjò lè kanlẹ̀kùn nígbàkigbà. Olùdarí wa, Fackson Sinkala, wá ní òfin kan tó fi lé e: ẹni tó wà ní ìrìn àjò kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò gbọdọ̀ polówó ọṣẹ, kò gbọdọ̀ ka ìkéde òkú, kò gbọdọ̀ bá àwọn onítíátà ṣeré. Ó ní bí ará Kitwe bá gbọ́ Ìyá Chola níbòmíràn, ta ló máa gbà pé Mongu ló wà?

"Oṣù mẹ́ta péré ni, Ìyá," ó sọ fún mi. "Ẹ bá mi fi ohùn yín pamọ́."

Oṣù mẹ́ta di mẹ́fà. Mẹ́fà di mẹ́rìnlá.

N kì í ṣe ẹni tí ń káwọ́ lẹ́rán. Láràárọ̀, ní agogo márùn-ún àbọ̀, kí àwọn obìnrin tó gbé garawa lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo máa ń dúró lẹ́yìn ilé, mo máa ń kọjú sí òkìtì ìdàrọ́ bàbà tó dúdú lókèèrè, mo máa ń fi hóró àgbàdo kan sábẹ́ ahọ́n, mo sì máa ń ka ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn sókè ketekete. Ẹ̀kọ́ ohùn tí mo fi lẹ́tà kọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọge ló pa á láṣẹ bẹ́ẹ̀, n kò sì fo ọjọ́ kan rí. Irinṣẹ́ tí a kò bá lò yóò dípẹtà.

Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń dárúkọ mi nínú eré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bàbá Chola á gba lẹ́tà láti Mongu, á kà á fún àwọn ọmọ. Grevazio Mwaba ló ń ṣe Bàbá Chola, ohùn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà yẹn kò ní láárí. "Ara ẹ̀gbọ́n mi ti ń yá díẹ̀. Mo kí gbogbo yín." Obìnrin wo ló ń kọ irú lẹ́tà yẹn sílé? Inú bí mi, mo ra ìwé kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn lẹ́tà tó yẹ kó kọ. Mo kọ bí omi ṣe bo pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ọkọ̀ ojú omi ń gba ibi tí màlúù ti ń jẹko. Mo kọ pé ẹja wọn dùn, ṣùgbọ́n pé kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń se ewé elégédé pẹ̀lú ẹ̀pà níbẹ̀. Mo kọ pé lálẹ́ òun a máa na ọwọ́ wá ọkọ òun, ògiri ni òun máa ń bá. Kò sí ẹni tó ní kí n kọ ọ́. Ìwé náà kún, mo ra òmíràn.

Ó wá di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tí wọ́n ń dárúkọ mi. Nígbà tó yá, wọn kò dárúkọ mi mọ́ rárá. Bí mo bá sì tan rédíò lọ́jọ́ Àìkú tí Grevazio béèrè ohun kan lọ́wọ́ àwọn ọmọ, èmi ni mo máa ń dá a lóhùn nínú ilé ìdáná mi.

Ìyá Bupe, aládùúgbò mi, kò jẹ́ kí n gbádùn nídìí ẹ̀rọ omi.

"Ìyá Chola, Mongu yìí mà jìn o! Ṣé ẹsẹ̀ lo fi ń rìn bọ̀ ni?"

"Omi ló bo ọ̀nà."

"Omi wo ló ń bo ọ̀nà láti ọjọ́ yìí? Sọ òótọ́ fún wa jàre. O ti rí ọkùnrin Lozi kan níbẹ̀ tó ń yan ẹja fún ẹ."

Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá gbé omi mi wálé pẹ̀lú ìdùnnú. Ẹ̀fẹ̀ yẹn ni oúnjẹ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù kẹwàá, ẹ̀fẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun àgbàdo àti ọmọ tí kò lọ sílé ìwé. Láyé ìjọ́sí, bí mo bá la ẹnu nínú bọ́ọ̀sì, orí mẹ́ta ó kéré tán á yí padà. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún kọ̀ndọ́kítọ̀ pé màá bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ilé ẹjọ́. Kò sí ẹni tó wẹ̀yìn. Mo tún un sọ, kì í ṣe nítorí pé kọ̀ndọ́kítọ̀ kò gbọ́. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó wẹ̀yìn.

Royce Chanda, ọ̀dọ́bìnrin tó ń darí ẹgbẹ́ onítíátà ní gbọ̀ngàn ẹ̀gbẹ́ ọjà, wá bá mi lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá bá wa ṣeré. Mo nílò àgbà."

"Mo wà ní ìrìn àjò."

"Ẹ̀gbọ́n, iwájú mi lẹ jókòó sí yìí, ẹ̀pà lẹ̀ ń bó."

"Sinkala lè pè mí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó wò mí, ó bù nínú ẹ̀pà, ó lọ.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, fóònù dún. Sinkala ni. "Ìyá, ẹ wá ní Sátidé, agogo mẹ́sàn-án. A nílò yín."

N kò béèrè nǹkan kan. Mo fọ ìró chitenge tó dára jù nínú àwọn tí mo ní, mo fi èédú sínú irin, mo lọ̀ ọ́ títí ìlà rẹ̀ fi mú bí ọ̀bẹ. Mo kó àwọn ìwé lẹ́tà mi sínú àpò, nítorí ó lè fẹ́ mọ ohun tí Ìyá Chola fojú rí ní Mongu.

Agogo mẹ́jọ àbọ̀ ni mo dé. Sinkala fún mi ní ìwé eré, ó sì yára bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan àwọn wáyà tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Mo kà á. Òjò ń rọ̀ nínú eré náà. Ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìránṣẹ́ ni. Ọkọ̀ ojú omi dojú dé ní odò Zambezi, Ìyá Chola wà nínú rẹ̀. Mo ṣí ìwé náà títí dé ìparí.

"Fackson, ibo ni ọ̀rọ̀ tèmi wà?"

"Ojú ewé keje, Ìyá."

Ohun tó wà níbẹ̀ ni: ÀWỌN OBÌNRIN Ń SUNKÚN.

"Mo wà lára àwọn tó ń sunkún mi?"

"Ìyá, kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń sunkún òkú lórí rédíò bíi tiyín. Àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí, bí wọ́n bá ké, á dà bíi pé ènìyàn tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Ẹ kàn yí ohùn padà díẹ̀, kí wọ́n má baà dá yín mọ̀."

"Kí ló dé tí mo fi kú?"

"Olùkọ̀wé ní Bàbá Chola gbọ́dọ̀ fẹ́yàwó kí eré tó lè máa lọ." Ó wá wò mí lójú. "Bí mo bá sọ fún yín lórí fóònù, ẹ ò ní wá."

"Màá wá. N kò kàn ní fi èédú ṣòfò lórí chitenge ni."

Mo wo ilẹ̀kùn. Ó rọrùn láti gbà á jáde. Ṣùgbọ́n mo ti fi oṣù mẹ́rìnlá tọ́jú ohùn yìí. Bí mo bá gbé e padà sílé láìlò ó, irú àṣedànù wo nìyẹn? Mo bọ́ bàtà mi kó má baà dún, mo lọ dúró láàárín àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tó wà nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Grevazio ló yẹ kó kọ́kọ́ sunkún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbìyànjú, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dà bí ẹni tó ń wúkọ́.

"Bàbá Chola!" Sinkala lu tábìlì. "Ìyàwó yín ló kú, kì í ṣe adìẹ!"

"Obìnrin náà ń wò mí!" Grevazio nawọ́ sí mi. "Ó dúró síbẹ̀, ó ń wò mí, ẹ ní kí n máa sunkún ẹ̀!"

A rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wá kọ ẹ̀yìn sí i. Mo sọ fún Sinkala pé, "Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀."

Ní ilẹ̀ wa, a kì í kàn ké sí òkú. A máa ń ka ohun tó fi sílẹ̀ ni. Mo fi ohùn ìyá arúgbó bẹ̀rẹ̀, ohùn tó gbẹ, tó rọra ń gbọ̀n. N kò ṣí àpò mi, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fúnra wọn.

"Ó mà ṣe o, ìyá mi! Ta ló máa se ewé elégédé fún wa? Ìwọ tó jẹ ẹja Mongu tí ọkàn rẹ wà ní Kitwe! Ìwọ tó na ọwọ́ lórí ẹní, tó bá ògiri! O ní o ń bọ̀. O ti di ẹrù rẹ, o ti so ó. O jókòó lórí ẹrù láti ọjọ́ yìí, kò sí ẹni tó wá mú ọ!"

N kò mọ ìgbà tí ohùn ìyá arúgbó bọ́ lára mi bíi gèlè tí a kò so dáadáa. Mo mọ̀ pé ó bọ́. N kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Ohùn Ìyá Chola gan-an ni mo fi parí rẹ̀. Lẹ́yìn mi, Grevazio ti ń sunkún, ẹkún ọkùnrin tí kò ní ìró púpọ̀. Àwọn ọmọbìnrin náà bá wa sunkún.

Nígbà tí ẹkún parí, Sinkala pa ẹ̀rọ. "Ohùn yín jáde, Ìyá."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n máa dá a mọ̀."

"Tún un gbà, nígbà náà."

Ó wo Grevazio tó ń fi ojú ewé keje nu imú. "Rárá," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Mo wọ bàtà mi. Lẹ́nu ọ̀nà mo bi í pé, "Ẹni tó ti kú ńkọ́? Ṣé òfin ìrìn àjò ṣì mú un?"

"Kò mú un mọ́, Ìyá." Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń bo aṣọ lé ọmọ lórí. Ìyẹn ló dùn mí jù lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ Àìkú, Ìyá Bupe wá gbọ́ eré lọ́dọ̀ mi nítorí bátìrì rédíò rẹ̀ ti kú. N kò sọ nǹkan kan fún un. Nígbà tí ìránṣẹ́ dárúkọ ọkọ̀ ojú omi, ó fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí ẹkún bẹ̀rẹ̀, ó dìde dúró.

"Ohùn ta nìyẹn?"

"Ohùn mi ni."

"O lọ sunkún ara ẹ?"

"Wọ́n pè mí síṣẹ́ ni."

Ó jáde láìdágbére. Mo rò pé inú ló bí i. Kò pẹ́, mo gbọ́ ẹsẹ̀ púpọ̀ lóde. Obìnrin mọ́kànlá ló wọlé, wọ́n so chitenge mọ́dìí, àwọn kan gbé ìyẹ̀fun àgbàdo nínú àwo, àwọn kan gbé igi ìdáná. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ bí a ti ń ṣe nílé òkú.

"Ìyá Chola," ni Ìyá Bupe wí, "a kú ìrójú ikú ẹ o."

Yàrá dà rú fún ẹ̀rín. Mo fẹ́ dìde lọ dáná fún wọn.

"Jókòó jẹ́ẹ́! Ta ló rí òkú tó ń dáná rí?"

Wọ́n fi ìyẹ̀fun náà ro nshima, wọ́n din ẹja kapenta wẹ́wẹ́. Bí wọ́n ti ń jẹun, ìyá àgbàlagbà kan láti òpópónà kẹta ní òun rántí ọjọ́ tí Ìyá Chola fi bàtà ọkọ rẹ̀ pamọ́ sínú àpò èédú kó má baà lọ sílé ọtí. Ẹlòmíràn ní òun rántí ohun tó sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ, òun náà lọ sọ ọ́ fún ìyá ọkọ tòun, ó sì ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ọdún méje sẹ́yìn! Èmi tí mo sọ wọ́n ti gbàgbé. Ẹ̀rín náà ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyá àgbàlagbà náà sì fi etí aṣọ nu ojú. Kò ṣe é fún ẹ̀fẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ bá Royce ní gbọ̀ngàn.

"Mo ti dé láti ìrìn àjò."

"Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé ẹ kú."

"Òun náà ni mo wí."

Ipa ìyá àgbà kan ló kù nínú eré rẹ̀, gbólóhùn mẹ́rin péré ló ní. Mo gbà á. Mo ti mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí n tó délé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ní agogo márùn-ún àbọ̀, mo dúró lẹ́yìn ilé pẹ̀lú hóró àgbàdo mi. Ìyá Bupe ké láti òdìkejì ọgbà pé, "Òkú, dákẹ́ ariwo! Àwọn alààyè ń sùn!" Mo gbé ohùn sókè sí i.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo ní n kò ní tan rédíò. Nígbà tó di agogo mẹ́fà àbọ̀, mo tàn án. Bàbá Chola ló ń dáná fúnra rẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìkòkò kan tẹ̀ lé òmíràn, tó ń wá nǹkan. Ó gbàgbé ara rẹ̀, ó ké bí ó ti máa ń ké fún ọdún mẹ́sàn-án:

"Ìyá Chola! Ibo lo gbé iyọ̀ sí?"

Rédíò dákẹ́. Wọ́n jẹ́ kó dákẹ́ pẹ́.

"Ó wà lẹ́yìn ìkòkò omi," ni mo dá a lóhùn. "Ẹ sì bò ó tí ẹ bá mú un tán."