Òkun Tó Wà Lórí Fóònù Mi

Èmi kì í ṣe òjòwú. Bí ẹ bá bi Káyọ̀ ọkọ mi, nǹkan mìíràn lẹ máa gbọ́, ṣùgbọ́n ta ló bi Káyọ̀?

Ní aago márùn-ún ìdájí Sátidé ni Evelyn fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀rẹ́ mi ni, a jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú kan ní Camberwell, nílùú London. "Mummy Jethro, please, bá mi ṣe shift mi ti òní. Ara Boaz ò yá rárá, ó ti ń bì láti àná." Boaz ni ọkọ rẹ̀. Ariwo àwọn ènìyàn wà lẹ́yìn ohùn rẹ̀, mo rò pé tẹlifíṣọ̀n ni.

Àánú wọn ṣe mí. Mo ṣe shift náà láti aago méje títí di aago kan, mo sáré padà sí Peckham, mo ra ẹja àrọ̀ ní Rye Lane, mo fi se pẹpẹsúùpù, mo já efinrin sí i. Mo gbé kúlà náà lé itan nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi dé ilé wọn ní Nunhead.

Mo kan ilẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹ̀rù bà mí, mo ní àbí wọ́n ti gbé Boaz lọ sí ọsibítù. Mo ṣí WhatsApp kí n lè pe Evelyn, ni mo bá rí i pé Boaz ti gbé status.

Aláìsàn wa rèé nínú ṣòkòtò péńpé, ó dé akẹ̀tẹ̀, ó fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín. Evelyn rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Àwọn ilé funfun wà lẹ́yìn wọn, òkun wà nísàlẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Greece, Day One. God did it!"

Mo lọ wo status Evelyn, n kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó ti yọ mí kúrò lára àwọn tó lè rí i. Mo mọ ọgbọ́n yẹn dáadáa, èmi náà ń dá a fún àwọn ará ilé ọkọ mi. Boaz ni kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Irọ́ yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Àwòrán òkun yẹn àti ilé funfun yẹn ló ti wà lójú fóònù mi láti ọdún mẹ́rin. Ẹnu mi ni Evelyn ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Santorini, erékùṣù Greece yẹn, níbi tá a ti ń mu tíì níbi iṣẹ́. Mo sọ fún un pé bí ìgbéyàwó èmi àti Káyọ̀ bá pé ọdún mẹ́wàá, ibẹ̀ la máa lọ. Ó pé ọdún mẹ́wàá ní oṣù kejì. Káyọ̀ ra kéèkì.

Mo jowú gan-an. Mo gbàdúrà kí òjò rọ̀ ní Greece. Mo tún un rò, mo ní kí Ọlọ́run kúkú fi ìjì kún un.

Mo pe Evelyn ní fídíò. Ó pẹ́ kó tó gbé e. Ògiri funfun nìkan ló jẹ́ kí n rí lẹ́yìn rẹ̀.

"Mummy Jethro, o ṣé gan-an o. Boaz ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni."

"Ṣé ó ti jẹun?"

"Kò lè jẹ nǹkan kan, my dear."

Mo yí fóònù mi sí ilẹ̀kùn rẹ̀, mo gbé kúlà sókè. "Pẹpẹsúùpù rẹ̀ rèé. Ẹnu ọ̀nà yín ni mo wà."

Evelyn sún mọ́ fóònù. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹwà," ó ní. Ó ti pẹ́ tó ti fi orúkọ pè mí gbẹ̀yìn. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ? Mo mọ̀ pé ibi tìẹ ni mo wá."

Èébú ti kún ẹnu mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kọ́ nìyẹn.

"Yí fóònù ẹ padà. Jẹ́ kí n rí i."

Ó yí i padà. Òkun náà tàn lójú oòrùn, ó sì ń mì. Tèmi kì í mì.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn wọn, mo ṣí kúlà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọbẹ̀ aláìsàn. Omi ń bọ́ lójú mi, mo ní ata ni.

"Ṣé kí n gbé fóònù kúrò?" Evelyn bi mí.

"Wákàtí mẹ́fà ni mo bá ẹ ṣiṣẹ́ lónìí," mo ní. "Dì í mú dáadáa."