Ẹni Tí Kò Rẹ́rìn-ín sí Ọ̀rọ̀ Ìdí Àbẹ̀ḿbí

Àwọn ọmọ yunifásítì tó háyà yàrá nílé Àbẹ̀ḿbí ní Àgbowó kì í kí i kí wọ́n má di ikùn mú fún ẹ̀rín. Ó ní ìdí òun ló tóbi jù n'Íbàdàn, pé bí òun bá ti jókòó sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, kí èrò yòókù yáa fẹsẹ̀ rìn dé Bódìjà.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín aṣọ rẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n fi gbà á. "Ẹ gbà, kí ikán má baà bá mi dù ú." Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí oúnjẹ ti di iyanrìn lẹ́nu rẹ̀, tó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ilẹ̀ má mọ́ bá òun mọ́.

Islamiat ọmọ rẹ̀, tíṣà, ló ṣàkíyèsí pé ìborùn tí bàbá wọn rà bọ̀ láti Mẹ́kà ti bá àwọn aṣọ náà lọ. Èyí tí ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kí eṣinṣin bà lé.

"Màámi, dókítà ọkàn la ń lọ rí."

"Dókítà wèrè? Àbí o rí mi níbi tí mo ti ń ṣa bébà ní Dùgbẹ̀?"

Ó kúkú tẹ̀ lé e dé ilé ìwòsàn. Dókítà Ọlájùmọ̀kẹ́, ọmọdébìnrin tí ì bá jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, kúnlẹ̀ kí i.

"Ṣé ẹ ń sùn dáadáa, mà?"

"A dúpẹ́."

"Oúnjẹ ń kọ́?"

"Alihamudulilai. Wo ìdí mi, ṣé ìdí ẹni tí kì í jẹun nìyí?"

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ìró Àbẹ̀ḿbí ló ń wò, tó ti yí ìbàdí rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dúró.

Láti ìgbà tí Àbẹ̀ḿbí ti ń dápàárá, èyí kò ṣẹlẹ̀ sí i rí.

"Mà, ìkíni kọ́ ni mò ń kí yín o. Àìsàn ni mò ń béèrè. Ṣé ó ń wá sí yín lọ́kàn pé kí ẹ pa ara yín?"

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́," ni Islamiat wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Àbẹ̀ḿbí dáhùn. Ohùn náà kéré débi pé òun fúnra rẹ̀ kò dá a mọ̀.

Islamiat fi ọwọ́ bojú.

"Àìsàn ni, mà, bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Oògùn wà, àmọ́ ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ẹ tó mọ̀ ọ́n lára. Ẹ ó máa wá bá mi sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Islamiat ni yóò máa tọ́jú oògùn, ẹ kò sì gbọdọ̀ dá gbé."

Ọ̀sẹ̀ kẹta pé, oúnjẹ ṣì jẹ́ iyanrìn. Àbẹ̀ḿbí jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta láàárọ̀, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀, nígbà tí Ìyá Theophilus aládùúgbò rẹ̀ ń gbé tòmátì kọjá.

"Ìyá Islamiat, ṣé àlàáfíà lẹ jí?"

"A dú..." Ó gbé e mì. "Rárá. N kò jí ire. Ó ti pẹ́ tí n kò ti jí ire."

Ìyá Theophilus bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú Àbẹ̀ḿbí, ẹ̀rín náà kú. Ó sọ tòmátì kalẹ̀.

"Ẹ wá jókòó tì mí," ni Àbẹ̀ḿbí wí. "Ìdí mi kò gba bẹ́ǹṣì tán mọ́."